Yàrá àlejò fún bàbá àti ìyá ọkọ mi nígbà ọyẹ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́, Kínníra, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá àti ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Èkó ní ọ̀sẹ̀ tó máa parí oṣù Kejìlá, òru márùn-ún ni wọ́n máa lò. Àbúrò ọkọ mi obìnrin máa bá wọn wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì.

Yàrá tí mo fẹ́ fún bàbá àti màmá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní méjìlá. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń kó ẹrù sí i. Wíńdò kan ló ní, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ògiri tó bá ilé ìwẹ̀ pààlà ń rin, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Fóòmù ibẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́fà, àárín rẹ̀ ti jìn. Mo tún rí nǹkan tó jọ ìdun lára igi bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú. Iná ìjọba ń ṣe ségesège, a ní ìnfátà kékeré kan pẹ̀lú bátìrì kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Kì í ṣe bí yàrá ṣe máa rẹwà ni mò ń béèrè o, bí wọ́n ṣe máa rí oorun sùn ni. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí sì ni mo lè fojú fò?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Tákìè

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ àlejò, Ìyá Àdùkẹ́. Ìdun ni kí ẹ dojú kọ lónìí, ẹ jẹ́ kí ìyókù di ọ̀la. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá ni ẹyin rẹ̀ máa ń pa, ohun tó sì pa ìyá kì í sábà pa ẹyin. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ káwọ́ gbera, àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù ló máa kí àlejò káàbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ṣe é, kí ọjọ́ méjìlá sí mẹ́rìnlá wà láàárín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tó, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí ẹ lè fi ṣeré nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìdun ni lóòótọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí igi bẹ́ẹ̀dì ti pàdé ara wọn, inú ihò síkúrù, àti ojú rírán etí fóòmù. Ẹ máa rí ẹ̀kán dúdú wínníwínní bí ìgbà tí ẹnu báírò kan nǹkan. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Tó bá ràn, tó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìgbẹ́ ìdun ni, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tún lè rí èèpo ara rẹ̀ tó ti bọ́, àti ẹyin funfun tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Tó bá jẹ́ òun, ẹ tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀, kí ẹ kó gbogbo igi rẹ̀ síta. Omi tó ń hó yaya ni kí ẹ dà sí ojú ìdè, inú ihò síkúrù àti gbogbo ibi tó la. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ jẹ́ kí igi náà gbẹ nínú oòrùn fún odidi ọjọ́ méjì kí ẹ tó tò ó padà, torí igi tútù tí a bá dè ní síkúrù máa wọ́, ojú ìdè á sì tún là fún ìdun. Ibi tó ti la tẹ́lẹ̀, ẹ po ìyẹ̀fun igi mọ́ gọ́ọ̀mù funfun, kí ẹ fi dí i. Aṣọ ìbùsùn, kọ́tìnì àti ìrọ̀rí tó wà nínú yàrá náà gbọ́dọ̀ wọ inú omi tó gbóná débi tí ọwọ́ ò fi lè dúró nínú rẹ̀, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń bù sínú agolo sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kò lè lé èyí tó ti wà lókè, iná sì lè mú un.

Ní ti fóòmù yẹn, ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò lé e lórí. Tí ẹ bá sá a sóòrùn, ìdun á kàn sá lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí òjìji wà ni. Ínǹṣì mẹ́fà tí àárín rẹ̀ ti jìn kò yẹ bàbá tí orúnkún ń dùn, ẹ rà á tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ti àtijọ́ fún aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ ra òmíràn, ẹ wo pákó abẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, fóòmù kọ́ ló jẹ̀bi. Bí àyè àárín pákó kan sí èkejì bá ju ínǹṣì mẹ́ta lọ, fóòmù á máa wọlé sí àárín wọn, bí ẹ bá gbé tuntun lé e, oṣù mélòó kan ni òun náà máa jìn. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ kan láàárín gbùngbùn, yàtọ̀ sí mẹ́rin igun. Ẹsẹ̀ àárín yìí ni àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ kúrò.

Ẹ wọn gíga pẹ̀lú. Láti ilẹ̀ dé orí fóòmù, ínǹṣì méjìdínlógún sí ogún ló bá àgbàlagbà lára mu. Tí bàbá bá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀, kí orúnkún wọn má sì ga ju itan lọ. Tó bá kéré jù, orúnkún ló máa gbé gbogbo ara dìde. Tí igi bẹ́ẹ̀dì yín bá ga ní ínǹṣì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, fóòmù ínǹṣì mẹ́wàá ló bá a mu.

Ẹ má ti bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri. Yàrá yín fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀dì gba mẹ́fà, ẹsẹ̀ méjì á kù lọ́tùn-ún, méjì lósì. Olúkúlùkù á lè dìde láìgun ẹnì kejì rẹ̀ kọjá.

Bíríkìlà Arówómọ̀lé

Ẹ̀gbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà ti sọ ti bẹ́ẹ̀dì. Ògiri ni kí n bá yín sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀dà lẹ fẹ́ lọ rà. Ẹ ṣì dúró ná.

Ẹ gé nylon tó mọ́ kedere ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ní méjì, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin mọ́ ibi tó ń rin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn nylon, lápá ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ló ti sẹ̀, èémí yàrá tí kò rí ọ̀nà jáde ni, wíńdò ṣíṣí ló máa wò ó sàn.

Tiyín, bí ó ti bá ilé ìwẹ̀ pààlà yìí, ọ̀nà méjì ni omi lè gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni páìpù. Ní alẹ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé nínú táǹkì, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Tó bá ti lọ sílẹ̀, páìpù ló ń jò, ẹ pe púlọ́ńbà. Tí omi kò bá yẹ̀ níbi tó wà, ojú ìlà àárín táìsì ni. Símẹ́ǹtì funfun tó wà níbẹ̀ ti jẹ, omi ìwẹ̀ ń gbabẹ̀ wọnú búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi ìṣó tàbí ọ̀bẹ kékeré ha ti àtijọ́ jáde, ẹ fi tuntun kún un, kí ẹnikẹ́ni má sì wẹ̀ níbẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Ọjọ́ tí ẹ bá dí orísun omi náà ni kí ẹ padà sínú yàrá. Ẹ ha ọ̀dà tó ti ń ṣí kúrò títí dé ibi tó le. Tí ògiri bá ti bu tó ń yọ dúdúdúdú, ẹ po kọ́ọ̀bù blíìṣì kan mọ́ omi gálọ́ọ̀nù kan, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ ṣí wíńdò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe po blíìṣì mọ́ oògùn ìfọ ṣáláńgá tàbí ohunkóhun mìíràn, èéfín tó máa jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ. Ọyẹ́ ni alágbàṣe yín báyìí, kò sí ìgbà tí ògiri ń yára gbẹ tó o.

Ọ̀dà olómi ni kí ẹ kùn, kì í ṣe ọ̀dà olóròóró. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé olóròóró ló ń dí omi, àmọ́ ńṣe ló ń há a mọ́ inú. Omi náà á wá ọ̀nà jáde, ọ̀dà á wú bí roro, á sì bọ́ ní abala abala. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dé tí ògiri kò tíì gbẹ, ẹ má kùn ún rárá. Ògiri tí a ha mọ́ lásán sàn ju òórùn ọ̀dà lọ. Kí bẹ́ẹ̀dì jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

Nọ́ọ̀sì Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba ọmọ oṣù mẹ́ta yẹn. Ìyá Àdùkẹ́, yàrá tí ẹ ti ń kó ẹrù sí fún ọdún méjì, ó dá mi lójú pé káńfọ̀ wà nínú àpótí aṣọ ibẹ̀. Káńfọ̀ funfun roboto tí a ń kó sáàárín aṣọ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló tí ara rẹ̀ kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa. Ojú ọmọ á pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú. Gbogbo aṣọ àti búláńkẹ́ẹ̀tì tó ti bá káńfọ̀ gbé, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a lóòrùn títí òórùn rẹ̀ á fi tán, kó tó kan ọmọ náà lára. Sísá nìkan kò tó, fífọ̀ nìkan náà kò tó.

Nítorí ìdun tí wọ́n sọ, mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní kí ẹ fọ́n oògùn olómi inú ìgò kékeré nì, dichlorvos. Ẹ má gbọ́ o. Oògùn oko ni, kì í ṣe ti yàrá ibùsùn. Èéfín rẹ̀ ń wọ fóòmù àti aṣọ, á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ lóru nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. NAFDAC ti fòfin de ìgò 100ml rẹ̀ láti 2019 nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó nínú ilé. Omi híhó tí gbẹ́nàgbẹ́nà wí ṣiṣẹ́, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa wúkọ́.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn: tó bá jẹ́ tuntun tó ní oògùn lára, ẹ tú u, kí ẹ fi há sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó ta á. Oòrùn ń pa oògùn ara rẹ̀. Tí ẹ kò bá há a, ojú lè máa ta wọ́n tàbí kí ara máa yún wọn lóru àkọ́kọ́, wọ́n á sì ká a sókè, ẹ̀fọn á wá jẹ wọ́n yó. Kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì, kó sì gùn débi tí ẹ máa fi ki etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù yíká. Nẹ́ẹ̀tì tó bá fún mọ́ ara kò wúlò, apá tó bá kàn án ni ẹ̀fọn á gba ìta jẹ. Tó bá dọ̀tí, ọṣẹ tí kò le díẹ̀ àti omi tútù ni, kì í ṣe ọṣẹ oníyẹ̀fun tó le. Ihò tó bá wà lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú ti tó o.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́wọ́ mi rèé. Ọyẹ́ á mú kí ẹ fẹ́ ti wíńdò, àwọn kan á sì fẹ́ gbé ìkòkò eléèédú wọ yàrá kí àgbà lè yá iná. Ẹ má ṣe é láé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun ló fi ń gbé èèyàn lọ. Irú afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀. Kó jìnnà sí wíńdò yàrá àlejò tó ogún ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán, ẹnu rẹ̀ kó kọjú sí ìta. Fàrándà kì í ṣe ìta. Tí òtútù bá mú bàbá, ẹ fi aṣọ kún aṣọ, kí ẹ fún wọn ní ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà.

Àgbà máa ń dìde tọ̀ lóru, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ rin ọ̀nà láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìtọ̀ nínú òkùnkùn. Ohunkóhun tó bá kọ yín lẹ́sẹ̀, wáyà, etí kápẹ́ẹ̀tì tó ká, àpótí bàtà, ẹ gbé e kúrò. Rọ́bà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀ ilé ìwẹ̀, kì í ṣe àkísà. Ẹ fi pó tó ní ìdérí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lápá bàbá láìdárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ náà, kí ó sùn ní ìdùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, lórí ohun tó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, kí ó sì ní nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, Kínníra

Áà, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti wo ojú ìdè, ìdun ni. Káńfọ̀ náà wà níbẹ̀ gan-an! A ti gbé bẹ́ẹ̀dì síta. Ẹ dákun, ẹni tó mọ̀ nípa iná: bátìrì wa jẹ́ 12V, 220Ah. Ṣé fáànù àjà á ṣiṣẹ́ mọ́jú? Ẹ̀ẹ̀kejì, ọkọ mi ní ká fún wọn ní yàrá tiwa, ká lọ sùn sí yàrá àlejò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?

Oníná Sábó

Á mọ́jú tí bátìrì kò bá gbó. Ìṣirò rẹ̀ nìyí. 12 lọ́nà 220 jẹ́ wáàtì-wákàtí 2,640. Bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò kó má baà tètè kú, ìyẹn 1,320. Ìnfátà fúnra rẹ̀ máa jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ka ohun tó kù sí bíi 1,100. Fáànù àjà ń fa nǹkan bíi wáàtì 75, gílóòbù kékeré 9, fóònù méjì tó ń gba iná bíi 20. Ẹ kó wọn pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 105. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ dé mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, 840 nìyẹn. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé fìríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wà lójú wáyà kan náà, ẹnikẹ́ni kò rántí pa á. Tàbí kí bátìrì ti lo ọdún mẹ́rin, kó jẹ́ pé ìdajì agbára rẹ̀ ló kù, nígbà náà agogo mẹ́ta òru ni fáànù máa dúró. Ẹ dán an wò lóru kan ṣáájú: fáànù yẹn, gílóòbù yẹn, kò sí nǹkan mìíràn. Tí kò bá dé agogo mẹ́fà, ẹ wá fáànù rìchájábù kan kún un. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù oníná kò gbọ́dọ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ìnfátà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fa wáàtì ẹgbẹ̀rún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, torí àlejò ò mọ̀, ó sì lè tijú láti béèrè.

Ẹ fi gílóòbù rìchájábù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìtọ̀, èyí tí kì í kú nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Súwíìṣì yàrá jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, nítorí náà ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ọwọ́ bàbá máa tó láìdìde.

Alhaja Aláṣọ, Ọjà Igbó

Ìyá Àdùkẹ́ ọmọ mi, sọ fún ọkọ rẹ pé ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n rárá. Bí o bá fún wọn ní yàrá yín, aṣọ yín, ìwé yín, oògùn yín ló wà níbẹ̀. Gbogbo àárọ̀ lo máa kan ilẹ̀kùn pé o fẹ́ mú nǹkan, àna rẹ ò ní lè bọ́ aṣọ lára pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Nítorí èyí kan náà, kó gbogbo ẹrù rẹ kúrò nínú yàrá àlejò. Ohun tí kò bá ṣeé kó, dì í, kó o gbé e sí igun kan, kó o fi aṣọ bò ó.

Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ni ìbéèrè tí wọn kì í bi wá tó nínú ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn á ra fóòmù ẹsẹ̀ mẹ́fà ní mẹ́fà, á wá ra ṣíìtì tí wọ́n kọ mẹ́fà ní mẹ́fà sí lára, tó bá di agogo méjì òru, igun kan á ti fò sókè. Wò ó: ẹsẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ínǹṣì 72. Fóòmù ga ní 10, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ó di 20. Èyí tó o máa ki sábẹ́, 6 lọ́tùn-ún, 6 lósì, 12. Àpapọ̀ 104, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yáàdì mẹ́ta, ní gígùn àti ní fífẹ̀. Òwú máa ń súnkì nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, nítorí náà má dín in. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé kí sítáàṣì ara rẹ̀ lè jáde, ṣíìtì tuntun tó gan kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Ra òwú, má ra èyí tó ń dán bíi ṣílíkì. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ oníke máa ń ta ṣìkìṣìkì lára, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ni. Ṣètò méjì ló tó, pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta.

Nylon tí wọ́n fi wé fóòmù tuntun, ya á dànù. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí fóòmù máa mọ́, ṣùgbọ́n èèyàn á làágùn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, á sì máa dún kẹrẹkẹrẹ nígbà tí wọ́n bá yí ara padà. Gbé e síbi atẹ́gùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí òórùn rẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà kó o fi aṣọ òwú nípọn kan wọ̀ ọ́ kó o tó tẹ́ ṣíìtì.

Búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sàn ju nípọn kan lọ. Ọyẹ́ kì í mú bákan náà láti alẹ́ dé òwúrọ̀, wọ́n á lè yọ ọ̀kan. Ìrọ̀rí méjì méjì. Bàbá lè fi ọ̀kan há sábẹ́ orúnkún.

Wíńdò ìwọ̀-oòrùn yẹn, fa kọ́tìnì nípọn bò ó láti agogo méjì ọ̀sán títí oòrùn fi máa wọ̀, kí yàrá má baà gba ooru pamọ́ di alẹ́. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá yàrá ní ìrọ̀lẹ́, yóò kàn gbéra ni, yóò tún balẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Aṣọ tútù ni kó o fi nu ilẹ̀ àti ojú wíńdò láràárọ̀. Ọwọ́ fáànù náà ńkọ́? Ki ọwọ́ fáànù kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìrọ̀rí tó ti gbó, kó o fà á jáde, gbogbo eruku á kù sínú àpò. Ṣe èyí kó o tó tẹ́ ṣíìtì, má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Omi. Àgbà mẹ́ta, ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, báàkẹ́ẹ̀tì lítà 20: 120 nìyẹn. Ilé ìtọ̀, lítà 10 fún ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: 120 mìíràn. Àlùwàlá bàbá àti màmá, lítà 20. Aṣọ ọmọ, 30. Lápapọ̀ 290. Dúrọ́ọ̀mù lítà 250 kan àti kẹ́ẹ̀gì lítà 20 méjì lójúmọ́ nìyẹn, yàtọ̀ sí tẹ̀yin onílé. Kànga ń lọ sílẹ̀ lásìkò yìí, tí gbogbo ilé bá jọ fà á láàárọ̀ á ru, nítorí náà òru ni kó o máa fa ti àlejò. Fi omi gbígbóná sínú fúláàsì ńlá láti alẹ́ fún ìwẹ̀ àárọ̀ àti àlùwàlá òwúrọ̀. Fi búùtà kan sí ilé ìtọ̀.

Kíbúlà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun: tẹ́ ẹní ìkírun sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó béèrè. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kì í ṣe ìlà-oòrùn gan-an. Kọjú sí ìlà-oòrùn, kó o yí sí ọwọ́ òsì bíi digírì 25. Má fi ibi tí oòrùn ti yọ wò ó o, nínú oṣù Kejìlá apá gúúsù ni oòrùn ti ń yọ, bó o bá fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n wàá ṣì í púpọ̀. Kọ́ńpáàsì inú fóònù tó. Gbé àga oníke tó ní apá, tí kì í mì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní fún bàbá, torí orúnkún wọn.

Agbádá bàbá kò gbọ́dọ̀ kọ́ sórí háńgà wáyà, èjìká rẹ̀ á yọ ìwo. Háńgà onígi, lórí ìkọ́ tó ga ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Báàgì wọn, gbé àpótí kékeré tàbí àga kan kalẹ̀ tí wọ́n máa gbé e lé. Tí wọ́n bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, eruku ọ̀nà Èkó ló máa bá wọn sùn.

Àwọn nǹkan tí wọn ò ní lè bi ọ́, kó o ti kó wọn sínú agbọ̀n kan lórí tábìlì: ìwé ìnùdí, abẹ́rẹ́ àti òwú, pín-ìn-nì, kànìnkànìn tuntun méjì, ọṣẹ, ìpara òrí nítorí ọyẹ́, ife tó ní ìdérí fún ẹni tó bá ń bọ́ eyín rẹ̀ lóru. Má bi wọ́n bóyá wọ́n nílò rẹ̀. Aṣọ ìnura ẹnì kọ̀ọ̀kan kó ní àwọ̀ tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá, fi sínú ilẹ̀kùn lápá inú.

Ìyá Àdùkẹ́, Kínníra

Alhaja, ẹ ṣé o, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ti ń fi téèpù wọn fóòmù báyìí. Ó ku ọ̀kan: ilẹ̀kùn yàrá náà ń han kíkankíkan tí a bá ṣí i, ọmọ á jí. Ṣé epo pupa ni kí n ta sí i?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Tákìè

Rárá o, epo pupa á fa èèrà wá, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á tún han ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fa irin àárín híńjì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ilẹ̀kùn má baà bọ́ lé yín lórí. Ẹ fi aṣọ nu ìpẹtà ara rẹ̀, ẹ fi àbẹ́là pa á yíká, kí ẹ gbá a padà sáàyè rẹ̀. Tó bá ṣì ń han lẹ́yìn ìyẹn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló ń wọ́ ilẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti ṣí nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ fi sáńpépà ha.